Agolo ìlẹ̀kẹ̀ Yèyé mi: èwo ni kí n fọ̀, èwo ni kí n lò, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

ỌmọÌyàrà:

Òkun o, gbogbo ilé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyàrà ní Ìjùmú ni mo wà. Yèyé tó bí màmá mi jáde láyé lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí àwọn àǹtí mi pín aṣọ Yèyé tán, wọ́n ní èmi ni kí n gbé àpótí páànù, torí èmi ni mo ń wẹ̀ fún Yèyé ní ọdún mẹ́ta tí wọn kò lè dá dìde mọ́. Etí ìró ni Yèyé máa ń so kọ́kọ́rọ́ àpótí náà mọ́. Pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe sún mọ́ wọn tó, n kò rí inú rẹ̀ rí.

Nígbà tí mo ṣí i, òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ gbá mi nímú. Aṣọ òfì méjì ló wà lókè, lẹ́yìn náà fọ́tò kan, obìnrin mẹ́rin tó dúró síwájú ògiri alámọ̀. Kòkòrò ti jẹ ojú gbogbo wọn tán, láti ọrùn dé ẹsẹ̀ nìkan ló kù. Nísàlẹ̀ pátápátá ni agolo Bournvita kan wà, tó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ.

Iyùn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òwú ti jẹrà, gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀ bí ẹ̀wà. Àwọn kan gùn tó ìka ọmọ ọwọ́, àwọn kan kò ju hóró àgbàdo lọ, pupa wọn kò sì dọ́gba. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa mìíràn tún wà, mọ́kànlá péré, tí pupa tirẹ̀ dúdú díẹ̀, ó tutù, ó wúwo lọ́wọ́. Làǹtànà ni Yèyé máa ń pe irú rẹ̀. Mo tún rí ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró kan ṣoṣo tí wọ́n dì sínú àkísà funfun, tí wọ́n ta á ní kókó mẹ́ta. Ẹ̀gbà ọwọ́ kan tún wà, ti gíláàsì ni, àwọ̀ ewé. Ṣílè mẹ́rin tí wọ́n jó òrùka mọ́ lórí. Àti ẹ̀gbà ọwọ́ kan tó funfun tẹ́lẹ̀ tó ti wá pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì.

Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ ní Kábbà lóṣù tó ń bọ̀. Èmi ni màá ṣojú màmá wa. Mo fẹ́ lo ìlẹ̀kẹ̀ Yèyé lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n ka ẹ̀ṣẹ̀ mi kí ẹ tó bá mi wí. Mo rí ẹnìkan lórí fóònù tó ní kí a rẹ iyùn àtijọ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́jú, pé yóò máa kọ mànà. Mo rẹ mẹ́ta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti ṣá, ara wọn ṣe háráhárá bí ẹfun. Mo jókòó tì wọ́n, ẹkún gbọ̀n mí.

Ọ̀rọ̀ kejì. Ọkùnrin kan tó ń gun ọ̀kadà ra ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ kiri ya ilé wa ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ó ní rọ́bà ni làǹtànà yẹn. Ó ní òun á kó gbogbo rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà, kí n má baà máa yọ ara mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ aró kékeré yẹn ló kọ́kọ́ mú. Ó gbé e sójú oòrùn, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó dá a padà kíá, kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ń dà mí láàmú.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Báwo ni mo ṣe lè tún wọn ṣe láìbà wọ́n jẹ́ sí i?

TàÁJàre:

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì nínú ọ̀wọ́n yìí? Ẹ tà á jàre. Òkú kì í lo ìlẹ̀kẹ̀.

ỌmọAsínlẹ̀kẹ̀:

Àǹtí mi, ẹ má dá ẹni òkè yẹn lóhùn. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Yèyé, ẹ̀yìn wọn á dáa. Ìlọrin ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá mi, nítorí náà ọmọ ilé ni mí.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iyùn kì í ṣe òkúta. Egungun ẹranko wínníwínní inú òkun ni, ohun tó sì wà nínú èèpo ẹyin àti ìkarahun ìgbín náà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ kán omi ọsàn sórí ìkarahun ìgbín, ẹ ó rí i tí yóò máa hó wúyẹ́wúyẹ́. Bó ṣe hó lára iyùn yín mọ́jú nìyẹn. Ó jẹ awọ òkè tó ń dán. Kò sí ọṣẹ tàbí òróró tó lè dá a padà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè bá yín lọ̀ ọ́ dán, yóò kàn kéré sí i díẹ̀ ni. Fún ìyókù, aṣọ rírọ̀ tí ẹ ti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bọ̀, kí ẹ fún un gbẹ, kí ẹ fi nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tán. Kíkan, hípò, ọṣẹ ìfọṣọ, ẹ gbé gbogbo wọn jìnnà. Lọ́fínńdà pàápàá ń bà á jẹ́, òógùn náà kò sì dáa fún un. Lọ́jọ́ ìnáwó, ẹ múra tán, ẹ fín lọ́fínńdà tán, kí ẹ tó so ó mọ́rùn. Tí ẹ bá délé, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́.

Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì pé wọ́n rẹ iyùn kan láró ni, ẹ fi òwú tí ẹ bọ inú omi tí wọ́n fi ń nu èékánná ra ìdí rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Tí òwú bá pọ́n, ayédèrú ni. Iyùn gidi máa ń ní ìlà tín-ínrín tín-ínrín tó ń lọ lóòró ara rẹ̀, bí ara igi. Pé pupa wọn kò dọ́gba, inú mi dùn sí i. Èyí tó bá dọ́gba jálẹ̀ ló yẹ kó bà wá lẹ́rù.

Ó ku làǹtànà. Rọ́bà, ó ní? Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ẹ fi ọ̀kan kan eyín yín. Rọ́bà kì í tutù báyẹn. Ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ tó gbóná kàn án díẹ̀: rọ́bà á yọ́, á rùn, òkúta kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wá. Ọ̀bẹ kò lè ha á, òun ló máa ń ha ìgò. (Ẹ má fi tiyín ha ìgò o. Mo kàn ń sọ ni.)

Ẹ wá gbé ihò rẹ̀ sójú, ibẹ̀ ni ìtàn wà. Bí àwọn bàbá wa ní Ìlọrin ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á ra òkúta pupa tó ti òkè Ọya wá, wọ́n á fi irin fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi sún mọ́ ìrísí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu ihò láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìdajì, wọ́n á yí i padà, wọ́n á lu ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ pàdé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni lílọ̀ lórí òkúta pẹ̀lú omi, èyí tó ń gba ọjọ́. Àwọn tó sá kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé nígbà tí ìlú náà tú ní nǹkan bí 1830 sí 1840 ni wọ́n kó iṣẹ́ yìí bọ̀ ní Ìlọrin. Nítorí náà, ihò làǹtànà tiwa máa ń fẹ̀ lẹ́nu méjèèjì, á há láàárín, ó sì lè wọ́ díẹ̀ níbi tí méjèèjì ti pàdé. Tí ẹ bá fi ìmọ́lẹ̀ fóònù wò ó tí ihò náà bá gún gbọọrọ bí ọ̀pá, tó dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ̀rọ ló lu ú. Òkúta ni òun náà lè jẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti àwọn ará Idar-Oberstein ní Jámánì, tí wọ́n ń gé òkúta pupa tà sí Áfíríkà láyé ọjọ́un. Àwọn ará Bohemia náà ń fi gíláàsì ṣe àfarawé rẹ̀. Ọjà olówó pọ́ọ́kú yìí ló pa iṣẹ́ àwọn bàbá wa. Nígbà tí èmi gbọ́njú, òkúta ìlọ̀ nìkan ló kù ní àgbàlá wa, àwọn obìnrin ń lọ ata lórí rẹ̀.

Ẹ yẹ ihò mọ́kànlá wò fún mi kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí.

ỌmọÌyàrà:

Ẹ ṣé gan-an, bọ̀dá. Mo yẹ̀ wọ́n wò lálẹ́ àná pẹ̀lú iná fóònù. Mẹ́sàn-án fẹ̀ lẹ́nu, wọ́n há láàárín. Ọ̀kan nínú wọn wọ́ débi pé abẹ́rẹ́ kò là á já. Méjì gún gbọọrọ.

Ṣé kí n yọ méjì yẹn kúrò?

ỌmọAsínlẹ̀kẹ̀:

Ẹ má yọ ọ́. Ẹni tó sín ìlẹ̀kẹ̀ yẹn nígbà náà ló mọ ìdí tó fi fi méjì kún un. Bóyá méjì já dànù lójú ọ̀nà oko, bóyá owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó ti Ìlọrin mọ́.

AgbáṣílèJọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Owó àtijọ́ ni èmi ń kó jọ ní tèmi, n kò mọ iyùn. Ẹ wo ọdún tó wà lára ṣílè mẹ́rin yẹn. Ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó ní orí ọba lójú kan àti igi ọ̀pẹ lójú kejì, tí ọdún rẹ̀ bá wà láàárín 1913 sí 1919, fàdákà ni. Nígbà tó wọ 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́, ó sì máa ń pọ́n. Ìyẹn ni àwọn ìyá wa fi ń yan ti fàdákà kó fún alágbẹ̀dẹ. Ẹ má fi Brasso tí wọ́n fi ń nu irin dán kàn wọ́n. Dúdú tó wà lára wọn yẹn, ọgọ́rùn-ún ọdún ló fi bò wọ́n, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ẹ ó fi bó o.

Ẹ̀gbà gíláàsì yẹn, iṣẹ́ Bídà ni mo gbà pé ó jẹ́. Àwọn Màsàgá, ìyẹn àwọn aṣegíláàsì ibẹ̀, máa ń yọ́ ìgò, ìgò ọtí ló ń fún wọn ní àwọ̀ ewé yẹn. Ó máa ń fọ́ o, ẹ má wọ̀ ọ́ fọ àwo.

(Bàbá mi àgbà kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Bídà rárá. Ilẹ̀ wa san ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn, ọmọ lọ sí ìgbèkùn, títí di 1897 tí ilé iṣẹ́ Òyìnbó tó wà lórí Ọya fi ṣẹ́gun Bídà. Síbẹ̀ ẹ̀gbà wọn wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Ọ̀rọ̀ ẹwà yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ogun.)

MàmáTíṣàKábbà:

Ọmọ mi, ẹ kú ìtọ́jú Yèyé. Ìtàn ni mo fi ọdún 29 kọ́ àwọn ọmọ níléèwé kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ má bínú tí mo bá gùn.

Mo mọ ohun tí ọkùnrin ọlọ́kadà yẹn ń wò nínú oòrùn. Ẹ lọ tún un ṣe fúnra yín. Ẹ gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà sórí aṣọ funfun lábẹ́ òjìji, ẹ wò ó, lẹ́yìn náà ẹ gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá. Tó bá jẹ́ aró ní ilẹ̀, tó wá di àwọ̀ ewé tàbí ìyeyè nínú ìmọ́lẹ̀, ẹ lè ní sẹ̀gi lọ́wọ́. Sẹ̀gi ni àwọn àgbà fi ń ṣe orí adé. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius ti walẹ̀ ní 1910, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn wa Abidemi Babalola tún walẹ̀ níbẹ̀ láìpẹ́ yìí, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Àwọn èròjà tó wà nínú gíláàsì náà fi hàn pé Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti pò ó, kì í ṣe pé wọ́n ra ti ẹlòmíràn tún yọ́. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún.

N kò sọ pé ti Yèyé ti Ifẹ̀ wá o. Òyìnbó ṣe àfarawé sẹ̀gi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta á ní kókó mẹ́ta mọ ohun tó ń tọ́jú. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sín in, ẹ má sì tà á fún ẹni tó ń gun ọ̀kadà. Òfin ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti 1979 wà nílẹ̀: iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ gbé e jáde ní Nàìjíríà láìgbàṣẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra nǹkan báyìí kiri abúlé ń kó o lọ, ẹ̀yìn odi ni. Ẹ mú un lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀sìẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kwara kí wọ́n bá yín wò ó. 1945 ni wọ́n ti ṣí i, òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ ó tún rí àwọn ère òkúta tó wà níbẹ̀, ẹ wo ọrùn wọn dáadáa: ìlẹ̀kẹ̀ ni.

Ẹ̀gbà tó ń pọ́n yẹn, ẹ yẹ etí rẹ̀ wò. Tí ẹ bá rí ìlà wẹ́wẹ́ tó ń kọjá lára wọn bí àwọ̀n, eyín erin ni. Tiyín ni, ẹ wọ̀ ọ́ ní Kábbà. Ṣùgbọ́n òwò eyín erin láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ti di èèwọ̀ láti 1990. Tí ọmọ yín kan ní Lọ́ńdọ̀nù bá ní kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí òun, ẹ sọ fún un pé kó wá wò ó nílé.

Ọ̀rọ̀ pé kí ẹ lò ó tàbí kí ẹ má lò ó, ẹ lò ó. Ẹ wo Màmá Nike Okundaye, ọmọ Ògìdì tó wà nítòsí yín níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ńláńlá ni màmá yẹn fi ń jáde. Pupa ló sì ń sọ ènìyàn di ẹni iyì ní ilẹ̀ tiwa yìí. Láyé àtijọ́, àwọn ará Búnú ń hun aṣọ ìpò fún ìsìnkú àwọn ẹni ńlá, wọ́n sì ń tú aṣọ pupa Òyìnbó láti rí òwú rẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ fi pupa Yèyé sínú agolo.

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n sín. Òwú ni kí ó lò, kì í ṣe okùn apẹja, okùn yẹn máa ń jẹ etí ihò iyùn. Kí ó ta kókó sáàárín ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tó bá já lójú agbo ijó, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò bọ́.

Ó ku ohun kan tí ẹ sọ tí gbogbo wa fò dá. Fọ́tò yẹn. Ojú ni kòkòrò jẹ, ọrùn ṣì wà. Ẹ pe àwọn àǹtí yín, kí ẹ jọ wò ó, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ gbé àpótí, mo gbọ́. Wọn kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

TàÁJàre:

Mo tọrọ àforíjì. Mo ti sáré lọ ń wo inú àpótí màmá tèmi báyìí.

ỌmọÌyàrà:

Ẹ kú ọjọ́ mélòó kan o. Màmá Tíṣà, ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Gbólóhùn yín ìkẹyìn yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Mo ti pe àwọn àǹtí mi. Èyí àgbà bínú díẹ̀, ó ní kí ló dé tí òun ní láti gbọ́ lẹ́yìn ọlọ́kadà. Ó tọ̀nà. Mo kúnlẹ̀. Ó wá jókòó, ó da iyùn sórí àtẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, bí ó ti ń kà á ni inú rẹ̀ ń rọ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ aró yẹn, mo gbé e sókè. Ó di ìyeyè. Mo sáré dì í padà sínú àkísà rẹ̀, mo ta kókó mẹ́ta náà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe bá a. Lẹ́yìn ìnáwó, a ó lọ sí Ẹ̀sìẹ́. Ṣílè, mẹ́ta jẹ́ 1914, ọ̀kan jẹ́ 1938. Ẹni tó jó òrùka mọ́ ọn kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Iyùn ti wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń sín in ní Kábbà. Mo ní kó fi mẹ́ta tí mo bà jẹ́ sí ẹ̀yìn ọrùn, níbi tí gèlè àti irun á bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Fọ́tò wá rèé. Obìnrin mẹ́rin, kò sójú. Àǹtí mi ní òun kò lè sọ ẹni tó jẹ́ Yèyé nínú wọn. Èmi ni mo mọ̀ wọ́n. Ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún Yèyé tó kéré jù máa ń gun orí èkejì, mo sì fi ọdún mẹ́ta fọ àárín ìka yẹn. Ẹni kẹta láti apá òsì ni. Iyùn ló wà lọ́rùn Yèyé. Làǹtànà kò sí níbẹ̀.

Ọrùn obìnrin tó dúró tì wọ́n ni làǹtànà wà. A ka ti iwájú tó hàn nínú fọ́tò, ó ju mọ́kànlá lọ dáadáa. Àǹtí mi wo ìró tí obìnrin náà ró, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n wọn nìyẹn, èyí tó lọ sílé ọkọ ní Mọ̀pà." Wọ́n ní àwọn méjèèjì jà nígbà kan, wọn kò sì bára wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí ìdí rẹ̀ mọ́. Bí ìdajì ìlẹ̀kẹ̀ ẹ̀gbọ́n ṣe dé inú agolo àbúrò, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ọmọ ọmọ obìnrin náà wà ní Mọ̀pà títí di òní. Mo ti rí nọ́ńbà rẹ̀ gbà, mo pè é lánàá. Nígbà tí mo sọ pé làǹtànà, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná," mo sì ń gbọ́ tí ó ń ṣí nǹkan tó ń dún bí páànù.

Ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ. Mọ́kànlá náà wà nínú àpò mi báyìí.